Bí Ògúndáhùnsi Ṣe Dá Ilé Àbọ̀sinmi Sílẹ̀

Ogun tí ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo ogun tí àwọn ará Ìdó-Ẹ̀gàn jà rí ti parí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò parí nínú ìlú náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni òun ṣẹ́gun. Ó kàn rẹ tọ̀túntòsì ni, wọ́n bá mulẹ̀, wọ́n sì ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn tí a ní kí wọ́n máa lọ sílé yìí gan-an ni ewu ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kó lọ sí ibùdó ogun nígbà tí wọn kò tíì hu irùngbọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n sì dàgbà sí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń yìnbọn, wọ́n mọ bí a ṣe ń lúgọ sínú koríko, wọn kò mọ bí a ṣe ń kọ ebè. Nígbà tí wọ́n dé, òmíràn bá ilé baba rẹ̀ tí ó ti di àlàpà, òmíràn bá ìyá rẹ̀ nílé ọkọ mìíràn, ọkọ náà kò sì fẹ́ rí i sójú. Wọ́n wá kó ara wọn jọ sínú àwọn àlàpà ẹ̀yìn ọjà. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lóko, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ìyá kò sì jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn dá lọ sódò mọ́. Ìlú tí ó ti fara da ọ̀tá òde wá di ìlú tí ń bẹ̀rù ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Àkókò yìí ni Akínṣọ̀wọ́n, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pàǹdùkú, tẹ̀dó sí etí odò tí ó wà nísàlẹ̀ ìlú. Jagunjagun ni, ṣùgbọ́n kò gbà pé ogun ti parí, nítorí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò rílé gbé láti ìlú dé ìlú, ó sì ń fi wọ́n dánà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè Ìdó-Ẹ̀gàn pé, “Àwọn ọmọ tí ń dà yín láàmú, ẹ kó wọn fún mi, ẹ ó sì rí àlàáfíà. Bí ẹ kò bá kó wọn wá, èmi fúnra mi ni n ó wá kó wọn, n kò sì ní kó àwọn nìkan.” Ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà kò ba àwọn ìjòyè nínú jẹ́ púpọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni ẹni tí yóò mú àwọn ọmọ náà lọ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Ẹni náà ni Ògúndáhùnsi, ọmọ Arógunyọ̀, àpáta tí ìjì kọlù tí ìjì fi ṣẹ́rí padà, ọkùnrin tí í dá dúró níbi tí ogunlọ́gọ̀ bá ti ń sá. Òun ni ó kó wọn lọ sójú ogun, òun náà ni ó sì kó àwọn tí ó kù bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i nígbà náà kò ní rántí oríkì kankan. Orúnkún rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti jìn, ìró ìbọn sì ti di etí rẹ̀ kan. Kò fẹ́ oyè, kò fẹ́ ìyàwó tuntun. Ó fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ẹfúnyẹmí, ni wọ́n ń dá gbé agbo ilé baba wọn tí ó ti ṣófo. Opó ni Ẹfúnyẹmí. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí bá Ògúndáhùnsi lọ sógun, kò sì bá a bọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í sọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀dọ̀fin, àgbà ìjòyè, ni ó wá jíṣẹ́ fún un. Ó ní, “Ògúndáhùnsi, ìwọ ni wọn yóò tẹ̀ lé. Kó wọn dé etí odò, kí o sì padà wálé wá sinmi.”

Ògúndáhùnsi fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. “Bàbá,” ó ní, “mo ti kó àwọn ọmọ yìí lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin lẹ rán mi. A sọ fún àwọn ìyá wọn pé nítorí ìlú ni. Ìlú wá wà tán, ẹ ní kí n tún kó wọn lọ nítorí ìlú. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. N kò lè rin ìrìn yẹn mọ́.”

“Kí ni kí a wá fi wọ́n ṣe? Olè ni wọ́n.”

“Olè ni wọ́n lóòótọ́. Ebi ń pa wọ́n, wọn kò ríbi fẹ̀yìn tì, kò sì sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ju èyí tí èmi kọ́ wọn lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra tọ̀ wọ́n lọ sínú àlàpà. Fádípẹ̀, ẹni tí ó le jù nínú wọn, dìde, ó bi í pé, “Ọ̀gá, ogun wo ló tún dé?” Ògúndáhùnsi ní, “Kò sógun. Ilé wa ti tóbi jù fún ènìyàn méjì. Ẹ wá máa sùn níbẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n ń wọlé, Ẹfúnyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá. Ó wá yíjú sí ògiri. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, “N kò fẹ́ràn wọn. Bí mo bá rí wọn, ẹni tí n kò rí ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n n kò lè máa jẹun kí wọ́n máa wò mí.” Ó sì lọ gbé ìkòkò ńlá.

Báyìí ni Ògúndáhùnsi bẹ̀rẹ̀ ìjà tí ó le fún un ju ti ojú ogun lọ. Láràárọ̀ ni ó ń tilé délé ní àdúgbò, ó ń bẹ alágbẹ̀dẹ, ó ń bẹ ahunṣọ, ó ń bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n wá fi ìwọ̀nba àkókò kọ́ àwọn ọmọ náà níṣẹ́. Àwọn kan wá, àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ náà kò sì dùn ún kọ́. Wọ́n jà nídìí oúnjẹ, wọ́n fọ́ òfì ahunṣọ, àwọn mélòó kan tilẹ̀ kó ìkòkò Ẹfúnyẹmí sá lọ. Alágbẹ̀dẹ búra pé òun kò ní wá mọ́, ó sì tún wá. Fádípẹ̀ kọ gbogbo iṣẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n ń bo òrùlé gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ sínú agbo ilé náà ni ó gun orí rẹ̀, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ilé ni àbọ̀sinmi oko, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní Ilé Àbọ̀sinmi. Ẹni tí ó ni ín kò rí ìsinmi kankan níbẹ̀.

Nígbà tí Pàǹdùkú retí títí tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó gòkè wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ìjòyè wọ ilé wọn lọ. Ògúndáhùnsi ní kí wọ́n dojú odó kan dé fún òun lẹ́nu ọ̀nà Àbọ̀sinmi, ó sì jókòó lé e láìmú ohun ìjà kankan dání. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, Fádípẹ̀ mú àdá tí ó fi ń gé koríko òrùlé lọ́wọ́.

“Akínṣọ̀wọ́n,” Ògúndáhùnsi ní, “má bínú pé n kò dìde kí ọ, orúnkún mi kò gbà. A jọ jagun rí, mo mọ̀ pé o láyà. Ṣùgbọ́n bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí o kó lẹ́yìn yìí, nígbà wo ni wọ́n ti sùn kẹ́yìn láìgbé ìbọn sáyà? Bí àwọn tèmi náà ti rí nìyẹn nígbà tí mo gbà wọ́n. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, mo wá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbàgbé rẹ̀. Kò rọrùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí o bá fẹ́ mú wọn, ibi tí mo jókòó sí yìí ni wàá gbà kọjá.”

Pàǹdùkú sún mọ́ ọn. Ó fi ìdí ìbọn gbá a lórí, àgbà ọkùnrin náà sì ṣubú sílẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ògúndáhùnsi rú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, Fádípẹ̀ sì ti gbé àdá sókè kí a tó gbọ́ ohùn Ògúndáhùnsi láti ilẹ̀ tí ó wà. “Ẹ dúró,” ó ní. Fádípẹ̀ sọ àdá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀gá rẹ̀, ó sì tún un gbé ka orí odó. Ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ ń jáde bọ̀ láti inú agbo ilé.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Pàǹdùkú, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a kò mọ ìlú rẹ̀, bọ́ síwájú. “Bàbá,” ó ní, “ṣé ẹ ń gba ọmọ ìlú mìíràn?”

Ògúndáhùnsi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni kí o bi. Òun ló ń se oúnjẹ.”

Gbogbo ènìyàn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹfúnyẹmí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, ó sì wo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. “Kí wọ́n fọ ọwọ́,” ó ní.

Wọ́n ń to ìbọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Pàǹdùkú ń wò wọ́n. Ó pariwo mọ́ wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn díẹ̀ tí kò fi í sílẹ̀ bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ ní agbègbè náà.

Ọgbẹ́ orí Ògúndáhùnsi kò san tán títí ó fi kú. Àwọn ìjòyè gbé oyè wá fún un, ó ní kí wọ́n fi iṣu rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó jáde láyé lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn náà, láàárín ariwo àwọn ọmọ tí ń gbẹ́ igi. Wọ́n rò pé ó ń sùn ni, wọ́n sì ń bá ara wọn wí pé kí wọ́n rọra.

Gbọ̀ngàn náà ṣì wà ní àdúgbò tí ń jẹ́ Àbọ̀sinmi títí di òní. Páànù ni wọ́n fi bò ó nísinsìnyí, iṣẹ́ aṣọ rírán àti iṣẹ́ iná mànàmáná ni àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ níbẹ̀. Ìkòkò omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ tí ó bá ti fọ ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í pé ọmọ ta ni títí yóò fi jẹun yó. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n ń se oúnjẹ náà láìgbowó. Mo bá ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀ nígbà tí mò ń wádìí ìtàn yìí, ìyá arúgbó kan tí ń kó igi jọ sábẹ́ ìkòkò. Ó ní iṣẹ́ náà ti sú òun, ẹ̀yìn ń ro òun, àwọn ọmọ kò sì mọ oore. Mo bi í pé ta ni yóò wá dáná lọ́la.

“Èmi náà ni,” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ iná.