Ìgè Lórí Ọ̀pẹ Etí Odò

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀." Ẹ ti gbọ́ ọ títí, àbí? Wọ́n á sọ ọ́ fún yín bí ẹ bá ti fa aṣọ ara yín ya tán, ẹ ó sì máa mi orí bí alángbá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ yìí? Arọ ni, àbí ẹyẹ? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì dáhùn. Wàhálà yín náà kúkú nìyẹn, ẹ kì í dúró gbọ́ ìbéèrè tán.

Ọmọkùnrin kan ni, Ìgè lorúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ nígbà tí wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìgè, ẹsẹ̀ rẹ ló ṣáájú wá sáyé, títí dòní orí rẹ kò tíì bá a." Òótọ́ lobìnrin náà sọ. Bí ẹnìkan bá wo Ìgè níwòkuwò, ẹ̀ṣẹ́ á ti dé kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ó ti sọ ọmọ odó lu ilẹ̀kùn rí nítorí wọ́n bu ẹran kékeré fún un. Bó bá ṣe é tán, yóò jókòó sí kọ̀rọ̀, ojú á máa tì í. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ara rẹ̀ ló yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

Adẹ́mu ni Ọláwóyin, bàbá rẹ̀. Ẹmu yẹn ni gbogbo ilé fi ń jẹun. Nígbà tí làkúrègbé mú bàbá lẹ́sẹ̀ tí kò lè gun ọ̀pẹ mọ́, Ìgè ló kù. Ìyá rẹ̀ fárígá.

"Bàbá Ìgè, ọmọ tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu nílẹ̀, ẹ fẹ́ gbé e lọ sókè?"

"Kò sí ẹlòmíràn," ni Ọláwóyin wí.

Ó wá kọ́ ọmọ náà bí a ti ń lo igbà, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. "Ẹ̀yìn rẹ ni kó o fi tì í. Bó o bá fẹ̀yìn tì í, á dì ọ́ mú. Bó o bá ta síwájú díẹ̀ báyìí, ó dẹ̀ nìyẹn. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì ná."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìgè wà lókè téńté ọ̀pẹ etí odò. Bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn igbó, ó ń ṣan akèrègbè. Ni Agboọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ti odò bọ̀. Agboọlá yìí ló dá Ìgè mọ́lẹ̀ níbi ìjàkadì ọdún tó kọjá, kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

"Ìgè o! Ṣé o sá gòkè kí n má baà tún dá ọ ni?"

Ìgè wa eyín pọ̀. Agboọlá kò rí bàbá lẹ́yìn igbó. Ó ní, "Àbí o fẹ́ kí ọ̀pẹ sọ ìwọ náà di arọ bíi bàbá rẹ?"

Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ru sí Ìgè lórí. Ó gbàgbé ibi tó wà pátápátá. "Dúró síbẹ̀!" ló kígbe, ó sì ta síwájú láti ju akèrègbè ẹmu lu ọmọ náà lórí.

Igbà dẹ̀. Akèrègbè já bọ́, ó fọ́ yángá. Ìgè ń yọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀, ara ọ̀pẹ ń bó o láyà, àfi ìgbà tí igbà há sára kùkùté imọ̀ ọ̀pẹ kan. Ó dì mọ́ igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ìgè yí orí láti wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, igbà sì tún mì.

"Ìgè." Bàbá rẹ̀ ti jáde.

"Bàbá."

"Ta ni inú ń bí?"

"Èmi ni!"

"Ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Ìgè wo ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ jìnnà. "Kò sí nílẹ̀, Bàbá."

"Ìbínú rẹ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni kó o sọ fún un. Mí kanlẹ̀. Wá ẹsẹ̀ rẹ sára igi. Fẹ̀yìn tì."

Ohùn bàbá tutù, ṣùgbọ́n ó ti da omi akèrègbè sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀rù ń bà á gan-an ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Ẹ̀rín náà ṣì wà létí Ìgè. Ó wù ú kó fèsì. Ó mí, ó tún mí. Ó wá ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, ó tú ọwọ́ lára igi, ó sì fẹ̀yìn tì. Igbà dì í mú. Díẹ̀díẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀.

Agboọlá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe."

"Ẹ̀fẹ̀ tó fẹ́ gbẹ̀mí ọmọ mi." Ọláwóyin kọjú sí Ìgè. "O ti sọ̀kalẹ̀. Òun nìyí. Bó bá ṣì wù ọ́, lọ lù ú."

Ìgè wo Agboọlá. Àyà rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Inú ṣì ń bí i, kò purọ́ ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ọ̀pẹ náà.

"Ẹ ní kó dìde, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi kò tíì délẹ̀."

Kò sí ẹmu lọ́jọ́ náà, gàrí lásán ni wọ́n mu sùn. Ìyá Ìgè ń fi omi gbígbóná jó àyà ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bú u, ó sì ń dúpẹ́. Ẹnu rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn aládùúgbò, tó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, ìwọ tí wọ́n bú lẹ́ẹ̀kan tó o ti ká apá aṣọ sókè, wo ìsàlẹ̀ ná. Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ìwọ ni kó o sọ fún un.