Bí Ẹ̀jẹ̀ Adékàmbí Ṣe Dá, Tí Ìlú Ìjiná Fi Dúró

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìdí nìyí tí àwa ará Ìjiná fi máa ń ka ìtàn Adékàmbí sétí àwọn ọmọ wa kí abẹ tó kan ara wọn.

Adékàmbí ni baba ńlá wa, àkọ́bí ọba, ọdẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lórí ọrun, ọmọ a-gbé-inú-igbó-bí-ẹni-gbélé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gorí ìtẹ́ baba rẹ̀, ó gbé apó rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ìdílé mọ́kànlá tó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní àwọn afọbajẹ ló kọ òun. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fọ́mọ ọba pé ó ń purọ́?

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ òkè kan. Arúgbó obìnrin tó jẹ́ abọrẹ̀ òkè náà wo ojú rẹ̀ pẹ́, kò tilẹ̀ béèrè ìdílé rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ ọba, ilẹ̀ kọ́ lò ń wá. Ibi tí abẹ bá ti kàn ọ́, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ sì gbà láti dá, ibẹ̀ ni kó o kọ́lé sí. Bí kò bá gbà, àwọn tó ń tẹ̀lé ọ yóò sin ọ́, wọn yóò sì tú ká.”

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọnàbùnmi lábẹ́ igi ìyeyè kan létí odò. Ọmọ olóólà ni, kóló ló ń fín: á fi abẹ fa ìlà wẹ́wẹ́ sápá ènìyàn, á sì fi èédú lílọ̀ pa á. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti ẹni tí ayé já kulẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, nítorí bí kóló rẹ̀ bá ti ń san lára, bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ ń fi ọkàn sílẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó fẹ́ fín kóló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn ún fún un, nítorí abẹ rẹ̀ kì í gba irọ́.

Adékàmbí na apá. Ó ní adé tó bọ́ lọ́wọ́ òun ló ń dun òun. Ọnàbùnmi fa ìlà mẹ́ta, ó kán omi ìgbín sí i, ó fi ewé tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, baba ńlá wa kò lè dìde mọ́, àwọn ìdílé mọ́kànlá sì ti ń di ẹrù. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé ó ń kú lọ.

Ọnàbùnmi jókòó tì í. Kò bá a wí.

Ó ní, “Adékàmbí, mi ò ní í lé ọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ gbé ohun tí o kò gbé lé mi lọ́wọ́.”

Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan, ni wọ́n jọ lọ sóko ọdẹ. Ewé mì, ó rò pé àgbọ̀nrín ni, ó ta ọfà, àbúrò rẹ̀ ló bà. Ó sọ fún ìyá wọn pé ẹkùn ló pa á, kò sì pe orúkọ ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó sọ tán, ó ń retí kí obìnrin náà dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò dìde.

Ó bi í pé, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Adéwùsì.”

Bó ti pe orúkọ náà ni ẹkún gbé e. Ó sunkún bí ọmọ kékeré, kò sì tíì sunkún tán tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tú ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n gé igi ilé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ìjiná.

Ẹni tó bá tọ́jú wa kì í ṣòro láti fẹ́ràn. Lọ́dún kejì, Adékàmbí ní òun fẹ́ fi Ọnàbùnmi ṣaya, obìnrin náà kọ̀. Ó tún bẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọnàbùnmi fi apá rẹ̀ méjèèjì hàn án. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun bí, abẹ òun fúnra òun ló pa á, níbi tí òun ti ń kọ ilà sí i lójú. Gbogbo ayé ló ń sọ tiwọn fún òun, kò sẹ́ni tí òun rí sọ tòun fún. Adékàmbí béèrè orúkọ ọmọ náà, ó ní Ọnàwùmí. Ọdẹ bá mú abẹ.

Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n níwájú ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìlà méjì gún, ẹ̀kẹta wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ojú tì í, ó ní kó jẹ́ kí òun tún un fà. Ọnàbùnmi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fín kóló fún aráyé, ọwọ́ ẹnì kan kò gbọ̀n nítorí mi rí.”

Ẹ̀jẹ̀ náà dá lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ náà ni Ọnàbùnmi kó wọ ilé Adékàmbí.

Ìjiná, ọmọ a-fẹnu-là-kí-abẹ-tó-là, títí di òní, ìyàwó wa kì í wọlé ọkọ kí àwọn méjèèjì tó jókòó, kí kálukú sọ ohun tí kò sọ fẹ́nikẹ́ni rí, kí wọ́n sì fín ìlà mẹ́ta síra wọn lápá. Àwọn olóólà wa mọ ìlà tó gún régé í fà, àlejò ni wọ́n ń fà á fún. Wọn kì í fọwọ́ kan ti tọkọtaya. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ìyá wa a máa ká apá aṣọ wọn sókè, wọn a fi apá wéra, ẹni tí tirẹ̀ bá sì wọ́ jù lọ ló máa ń yangàn jù.