Kárìà Tí Kò Ní Í Kán

Olóyè Adégorúsì ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bàbá rẹ̀ wá bá Fásakin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ọjà. Ó ní, "Yan kárìà tí kò ní í kán láéláé fún mi. Bó bá kán, mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ." Fásakin àti olóògbé ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Fásakin gbé kárìà mẹ́ta, irin ìgbẹ́rù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kalẹ̀. "Bàbá, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni ẹrù àkọ́kọ́ tí kárìà tuntun ń gbé. Èyí tó bá gbé yín yí ọjà ká, òun ni mo yàn." Olóyè wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo èrò ọjà, ó wo ikùn ara rẹ̀. "Mú èyí tó bá wù ọ́. Irin wo ni kì í kán?" "Ẹ ṣeun, bàbá," ni Fásakin wí. "Gbogbo ọjà ti gbọ́." Ó sì mú sípánà.