Kóòtù Gígùn Àkàngbé

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àkàngbé kó ìyàwó àtọmọ lọ kí àbúrò rẹ̀ nílùú òyìnbó, ó ní, "Ẹ má ṣe bí ará oko o! Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé àlejò ni wá." Òun alára ti wọ kóòtù gígùn.

Bí wọ́n ṣe jáde, wọ́n pàdé ìyá arúgbó tó ń gbé ilé kejì. Kí Àkàngbé tó mọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá rò pé ó dákú ni, ó figbe ta, ó pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Dúrósinmi, ṣé wọn ò tíì mọ̀ báyìí?"

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ti rí Àkàngbé lókèèrè, àga ló ń sáré gbé síta.