Akẹtẹ̀ Bàbá Ọlátúbọ̀sún

Ẹgbẹ́ àwọn bàbá kan wà ní ìjọ wa tí wọ́n ní alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n máa ń nù bí ife ìdàpọ̀ mímọ́. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n de táì, wọ́n dé akẹtẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀ léra wọn lórí alùpùpù lọ sílé Ọlọ́run. Bàbá Ọlátúbọ̀sún ló ṣáájú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ fi í joyè Bàbá Ìjọ, torí bó ṣe ń wàásù gbógun ti ẹmu. Àdéhùn wọn ni pé níbi tí olórí bá ti ṣí akẹtẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn yóò dúró.

Bí wọ́n ṣe dé iwájú àtíbàbà Abẹ́ní ẹlẹ́mu, Abẹ́ní kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ọmọlúàbí kì í kọ ìkíni. Bàbá gbàgbé àdéhùn, ó ṣí akẹtẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí kò gbọ́ ariwo alùpùpù lẹ́yìn mọ́, ó ṣẹ́rí padà wá wọn.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin bàbá," ni Abẹ́ní ń wí fún wọn, "àmọ́ ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀ o. Ti Bàbá Ọlátúbọ̀sún ni."

Olúwa mà ń tú àṣírí o!

"Bàbá olórí," ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wí, "ẹ má bínú sí wa. Ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré."

Ojú ti Bàbá. Ó ṣí akẹtẹ̀ kó lè fi bojú.

Gbogbo ẹgbẹ́ bá ṣí tiwọn.