Àwẹ̀ró Tí Ó Tẹ Òdìkejì Dó

Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, ogun kò dẹ́rù ba Ìdóẹrẹ̀. Odi ìlú náà ga, yàrà rẹ̀ jìn, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ kò sì jẹ́ kí idà wọn dípẹtà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, àwọn àgbà yóò ka orúkọ àwọn jagunjagun wọn fún yín títí oúnjẹ yóò fi tutù. Wọn kò ní sọ fún yín pé ní gbogbo ọdún tí ogun fi ń jà káàkiri ilẹ̀ náà, yàrá ìkúnlẹ̀ pa èèyàn ní Ìdóẹrẹ̀ ju ogun lọ. Ọmọge tí wọ́n gbé níyàwó lẹ́ẹ̀rùn, tí ó lóyún nígbà òjò, ìyá rẹ̀ kì í sùn dáadáa mọ́. Òkú aboyún kì í gbé inú ilé nílùú náà. Igbó ni wọ́n ń gbé e jù sí, tòun ti ẹní tí ó kú lé lórí àti ìkòkò tí ó fi ń pọnmi, àwọn tí wọ́n gbé e lọ kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Agbo-ilé wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè rí obìnrin kan ṣoṣo tí irun orí rẹ̀ funfun.

Ikú ìkúnlẹ̀ wà níbi gbogbo, mi ò ní purọ́ mọ́ Ìdóẹrẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n Ìdóẹrẹ̀ ní òfin kan tí ó ń ran ikú lọ́wọ́, ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí obìnrin bá ń rọbí tí oòrùn wọ̀, tí oòrùn sì tún là, tí ọmọ kò tíì wálẹ̀, wọn á ní ó ti mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ ni, pé àwọn òkú ọ̀run ilé ọkọ rẹ̀ ló dí ọ̀nà mọ́ ọmọ náà. Àwọn agbẹ̀bí á mọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ọkọ á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa bi í pé ta ni. Títí yóò fi dárúkọ ọkùnrin náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fún un lómi. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà Ìdóẹrẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, orí ọmọ tuntun ń wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà kò sì ní orúkọ kankan láti dá. Wọ́n kú sórí ìbéèrè.

Àwọn tí kò kú ńkọ́? Òkú ọmọ ni wọ́n ń bí, inú tiwọn náà á sì ti ya. Láti ọjọ́ náà lọ, ìtọ̀ á máa dà lára wọn, wọn kò ní lè dá a dúró, ìbáà jẹ́ lójú oorun, ìbáà jẹ́ nídìí iṣẹ́. Ìdóẹrẹ̀ ní ẹ̀rí àgbèrè nìyẹn. Wọ́n sì tún gbà gbọ́ pé bí aṣọ tútù obìnrin bẹ́ẹ̀ bá kan ọkùnrin, gbogbo oògùn ara ọkùnrin náà ti bàjẹ́, ìfúnpá rẹ̀ di ìfúnpá lásán, ọfà á wọlé sí i lára. Nítorí náà, wọ́n á di ẹrù rẹ̀ lé e lórí, wọ́n á mú un kọjá odò Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e dé. Bí ẹnìkan bá bi àwọn ọkọ níbo ni ìyàwó wọn wà, wọ́n á ní ó wà ní òdìkejì.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Àwẹ̀ró ọmọ amọ̀kòkò, obìnrin gíga tí ń wo ọkùnrin lójú láìgbé orí sókè, obìnrin tí ojú tì tì tì títí ìtìjú fi sá fún un. Kò tíì ju ọmọge lọ nígbà tí ó rọbí àkọ́bí rẹ̀. Wọ́n bi í títí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kú sí i nínú kí ó tó wálẹ̀, aṣọ òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó ti máa ń pè é ní ìyàwó rere, ló di ẹrù rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ gan-an, Ọyátóókí, dúró lójúde nígbà tí wọ́n ń mú un kọjá lọ, kò gbé ẹsẹ̀ kan. Àbúrò rẹ̀ Àyìnkẹ́, ọmọ kékeré nígbà náà, ló sáré tẹ̀ lé e dé etí odò kí wọ́n tó gbá a mú.

Ohun tí Àwẹ̀ró bá ní òdìkejì odò kò yẹ kí ojú rí i. Àwọn obìnrin wà lábẹ́ ewé káàkiri nínú igbó, oníkálukú lábẹ́ igi tirẹ̀, nítorí ojú òórùn ara wọn ń tì wọ́n níwájú ara wọn. Òmíràn kò mu omi mọ́, ó rò pé bí òun kò bá mu, kò ní dà, ara rẹ̀ sì ń gbẹ lọ bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí àtijọ́ kan, Ìyá Ọmọ́níyì, wà láàárín wọn, tí kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e. Àwẹ̀ró lọ fa ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sí ẹni tí yóò dá jókòó mọ́. Wọ́n kọ́lé sí etí omi, kí fífọ aṣọ má bàa nira, wọ́n sì ń pààrọ̀ aṣọ ara wọn láti òwúrọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá sùn, débi pé àlejò tó bá dé kì í mọ nǹkan kan. Wọ́n dá oko. Amọ̀ dára létí odò náà, wọ́n sì ń mọ ìkòkò tí àwọn alájàpá ń rà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn alájàpá náà ló tún ń gbé e padà wá tà ní Ìdóẹrẹ̀, àwọn àgbà tó lé wọn jáde sì ń jẹ ọbẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń lá ìka. Bí ìlú Òdìkejì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí mú inú yín dùn jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ara rẹ̀ yá. Ilé tuntun ni wọ́n ní, wọn kò ní ara tuntun. Ọdún ń gorí ọdún, ìyá tí ó bí Àwẹ̀ró kò sì wá wò ó.

Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọyátóókí dúró nínú odò títí dé ìbàdí, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró jáde sí i, ó sọ fún un pé Àyìnkẹ́ ti wà nílé ọkọ, ó ń rọbí, oòrùn ti là lé e lórí, wọ́n sì ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró bi í bóyá ó ti dárúkọ ẹnìkan.

Ìyá náà ní, “Èmi ni mo ní kó dárúkọ ẹni tó bá ti wá sí i lẹ́nu, kó ṣáà lè rí omi mu. Ògúndépò ló dá.”

Ògúndépò jẹ́ ọdẹ tí ejò ti bù ṣán, tí wọ́n sì ti sin kí Àyìnkẹ́ tó yọ ọmú. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá dárúkọ wọn, nínà ni wọ́n máa ń nà wọ́n yí ìlú ká, Àyìnkẹ́ kò sì fẹ́ kí wọ́n na ẹnikẹ́ni nítorí òun. Nínú ìrora tó wà, ó wá òkú kan tí kò mọ ìyà mọ́. Akíngbadé, olórí ilé ọkọ rẹ̀, ní ó ń fi àwọn àgbà ṣẹ̀sín, ó sì ní kí wọ́n gbé àmù omi jìnnà sí i.

Àwẹ̀ró yíjú sí àwọn obìnrin Òdìkejì tí wọ́n ti jáde wá. Aṣọ gbígbẹ wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ ti oorun. Ó ní, “Ẹ má pààrọ̀ aṣọ.” Kò sí ẹni tí kò yé. Àwọn obìnrin tó fi ìmọ́tótó ṣe odi ara wọn fún ọdún gbọọrọ, wọ́n ju aṣọ gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n sì kọjá odò bí wọ́n ṣe wà.

Àwọn oníbodè sá. Àwọn tí wọ́n ti fẹsẹ̀ bọ ogun, tí wọ́n ń fi àpá ara wọn yangàn lọ́jà, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn obìnrin náà dé ilé Akíngbadé, àwọn àgbà ṣì jókòó sórí àpótí. Akíngbadé dìde, ó ní kí wọ́n má ṣe sún mọ́ òun. Àwẹ̀ró dúró níwájú rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń sọ ní Òdìkejì:

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ bi mí lórí irú ẹní yìí náà, mo sì wí fún yín pé kò sí ẹnìkan. Òótọ́ ni mo sọ, ẹ lé mi. Àbúrò mi gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, ó wá orúkọ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ ní ó ń fi yín ṣẹ̀sín. Òótọ́ kò gbà wá, irọ́ kò gbà wá. Kí ni ẹ fẹ́ gbọ́ gan-an? Ọmọ ló há sí i nínú. Ọwọ́ agbẹ̀bí ló lè tú u, kì í ṣe ẹnu yín. Ẹ dìde lẹ́nu ọ̀nà.”

Wọn kò dìde. Ó bá tú ìró rẹ̀ tó tutù, ó ku tòbí nídìí rẹ̀, ó sì tẹ́ ìró náà gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni wọ́n dìde. Wọ́n tilẹ̀ fò dìde ni, ọ̀kan nínú wọn sì gbàgbé fìlà rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù tẹ́ tiwọn tẹ̀ lé e, kò sì sí ọkùnrin tí ó jẹ́ fẹsẹ̀ kọjá ibẹ̀ mọ́.

Ó dùn mí pé mi ò lè sọ pé wọ́n tètè dé. Nígbà tí Ìyá Ọmọ́níyì fọwọ́ kan ikùn Àyìnkẹ́, ó mi orí. Ọmọ ti kú, ẹ̀jẹ̀ ìyá náà sì ti dà tán. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún, ó tún béèrè. Ó wo Àwẹ̀ró títí ó fi dá a mọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa mú mi lọ sọ́dọ̀ yín?”

Àwẹ̀ró dá a lóhùn pé, “À á jọ lọ.”

Inú Àyìnkẹ́ dùn. Ẹ wo ìlú tí ọmọbìnrin ti ń yọ̀ pé wọn yóò mú òun lọ sí ibi tí wọ́n ń lé èèyàn sí. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ó ti kú. Àwẹ̀ró ké bí ẹranko. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú igbe yẹn sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn tí ń gbé òkú lọ sígbó mú okùn dé, Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó pọn àbúrò rẹ̀ bí ẹni pọnmọ, ó gbé e kọjá odò, ó sì sin ín sínú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó padà. Òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ tẹ́ aṣọ tútù sí ẹnu ọ̀nà gbogbo àgbà ìlú, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ilé Baálẹ̀ Oyègúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú ilé kò lè jáde, àwọn tó wà lóko kò lè wọlé. Baálẹ̀ rán ẹnu láti inú yàrá pé kí ni wọ́n fẹ́, bóyá ilẹ̀ ni, bóyá ilé ni. Àwẹ̀ró ní àwọn ní ilẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi obìnrin tó ń rọbí ní ohunkóhun mọ́, kí agbẹ̀bí má ṣe mọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un lómi. Ọmọbìnrin Baálẹ̀ kan wà nínú ilé náà tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Ó wá dúró ti bàbá rẹ̀. Baálẹ̀ fi ilẹ̀ búra. Àwọn ará Ìdóẹrẹ̀ ní àánú ló ṣe é. Lójú tèmi, ìfúnpá rẹ̀ ló rò.

Bí ìjẹ́wọ́ ṣe parí nìyẹn. Ikú kò parí. Àwọn obìnrin ṣì ń kú, ṣùgbọ́n wọ́n ń kú pẹ̀lú ọwọ́ èèyàn lára wọn àti omi lẹ́nu wọn, gbogbo ohun tí Àwẹ̀ró rí gbà fún wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà tutù títí ó fi darúgbó. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kú, ó ránṣẹ́ sí Ìdóẹrẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sin òun ti ìyá òun. Wọ́n fèsì pé àwọn bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe.

Títí di òní, bí obìnrin bá ń rọbí ní Ìdóẹrẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ tútù sí ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Omi kànga tó mọ́ ni wọ́n fi ń rin aṣọ náà. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ tuntun kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí yàrá lè tutù ni.

Òdìkejì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní dókítà tó lè rán irú ọgbẹ́ yẹn wà nísinsìnyí ní ilé ìwòsàn ńlá, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ìtìjú sì jìn ju ọ̀nà lọ. Ní ọjọ́ tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọbìnrin kan ti ìlú òkèèrè dé tòun ti ẹrù lórí, ìdí aṣọ rẹ̀ tutù, ó sì dúró lẹ́yìn ọgbà, kò lè wọlé. Àwọn obìnrin jáde sí i. Wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n bu omi fún un, wọn kò sì bi í ní nǹkan kan.