Ẹni Tó Fa Ẹ̀fínrín Tu

Bí àgbà bá rí ẹni tó ń fi ìkánjú ba nǹkan jẹ́, wọ́n á ní: "Ẹni tó fa ẹ̀fínrín tu, ọbẹ̀ kan ló sè." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ́, wọn ò mọ̀ pé omijé obìnrin kan ló bí i. Omijé ìbínú sì ni.

Àyìnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ìyálé nílé Olóyè Láòṣebíkan. Nígbà tí ogun fọ́ ìlú tí wọ́n bí i sí, ẹ̀ka ẹ̀fínrín kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ rí dì sápò sá jáde. Kí ìyá náà tó kú, ó fà á lé Àyìnkẹ́ lọ́wọ́, òun náà sì gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná nílé ọkọ. Gbogbo obìnrin ìlú ló ń já nínú rẹ̀. Òfin kan ló ṣe fún wọn: orí ẹ̀ka ni kí wọ́n máa fi èékánná ké, kí ojú ibẹ̀ lè yọ ẹ̀ka tuntun. Nítorí pé kì í tán, kò sẹ́ni tó gbin tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí Àyìnkẹ́ lọ sóko, àlejò dé bá Olóyè. Ó pa ewúrẹ́, ó ní kí Fẹ́hìntọ́lá, ìyàwó kékeré, lọ já ẹ̀fínrín wá. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í já a díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo lo fẹ́ já a tán? Fà á tu jàre, kó o jókòó já ewé rẹ̀!"

"Baálé, ìyálé mi ní ká má..."

"Ta ló ni ilé?"

Fẹ́hìntọ́lá fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Wọ́n ki igi rẹ̀ bọ iná.

Nígbà tí Àyìnkẹ́ dé, tó rí ihò lásán, omijé ìbínú bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọ bá Olóyè.

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Nítorí ewé lásánlàsàn?"

"Ewé kẹ̀? Gbogbo ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ lẹ jẹ yẹn! Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ wá ń nu ẹnu!"

Àṣé àwọn àlejò ti ròyìn ọbẹ̀ náà dé ààfin. Ọba ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò. Inú Olóyè dùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí ọba ṣe máa fi òun ṣe alábòójútó ilẹ̀ ìlú. Ìgbà tó yá ló rántí pé kò sí ẹ̀fínrín mọ́. Ó sáré bá Àyìnkẹ́.

"Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ lọ wá a nínú eérú."

Ó wá ẹ̀fínrín kiri ilé àwọn obìnrin. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Ọba dé, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì gbé àwo sílẹ̀. "Láòṣebíkan, ọbẹ̀ tí wọ́n ròyìn fún mi dà?"

Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le koko: "Kábíyèsí, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó fa ẹ̀fínrín tu, ọbẹ̀ kan ló sè."

Wọ́n ṣàlàyé fún ọba. Ó kọjú sí Olóyè. "Ẹni tí kò lè dá ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ sí, ṣé ilẹ̀ ìlú ni n ó wá fi lé e lọ́wọ́?"

Ó dìde, ó lọ. Ìtìjú Olóyè kò mú kí ẹ̀fínrín hù padà, ìbínú Àyìnkẹ́ kò sì rọ̀ títí ó fi dolóògbé. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í balẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí: ẹni tó fa ẹ̀fínrín tu, ọbẹ̀ kan ló sè.